Kí Ẹ Tó Bú Ẹgbẹ́ Òṣìṣẹ́: Àwọn Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀

Ẹ bi ẹni tó jókòó tì yín nínú dánfó léèrè ohun tó ń jẹ́ yúníọ̀nù. Ọkùnrin tó dènà gáréèjì, tí igi wà lọ́wọ́ rẹ̀, tó ń gbá ara ọkọ̀ pé "owó mi dà?" ni yóò kọ́kọ́ júwe fún yín. Kò ní ronú kan nọ́ọ̀sì. Kò ní ronú kan tíṣà, tàbí ẹni tó ń dúró ti ẹ̀rọ nílé iṣẹ́ bísíkíìtì láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ẹgbẹ́ awakọ̀ wà lábẹ́ NLC, àjọ tó kó àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ jọ, lóòótọ́, ó sì forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ òfin, ṣùgbọ́n owó tí agbèrò ń já gbà ní ibùdókọ̀ kọ́ ni owó tí wọ́n ń yọ nínú owó oṣù tíṣà. Ẹ má fi ẹ̀ṣẹ̀ gáréèjì gbá tíṣà létí.

Ọdún mẹ́ta ni mo fi ṣe akọ̀wé ẹ̀ka ẹgbẹ́ nílé iṣẹ́ kan tí n kò ní dárúkọ. Ẹnì kan wá bá mi lọ́jọ́ kan, inú ń bí i burúkú, ó ní ẹgbẹ́ yìí kò ṣe nǹkan kan fún òun rí, òun kò tilẹ̀ sí níbẹ̀. Mo ní kó ṣí ìwé owó oṣù rẹ̀. Ó ṣí i lórí fóònù, ó ń fi àtàǹpàkò fà á wálẹ̀: owó orí, owó ìfẹ̀yìntì, owó alájẹṣẹ́kù, lẹ́yìn náà ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kò kíyè sí rí. Owó ẹgbẹ́. Ọdún mẹ́fà ni wọ́n ti ń yọ ọ́. Ó wò mí bíi pé èmi ni mo jí i.

Ẹ má ṣe bíi tirẹ̀. Láti ọdún 2005 ni àtúnṣe òfin ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ti sọ ọ́ kedere pé wíwọ ẹgbẹ́ kì í ṣe dandan. Ẹni tí kò bá fẹ́, kó kọ̀wé. Bákan náà ni abala 40 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 fún yín lẹ́tọ̀ọ́ láti dá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ sílẹ̀ tàbí kí ẹ wọ èyí tó wà. Ọ̀gá tó bá gbé ìwé síwájú yín pé ẹ fọwọ́ sí i pé ẹ kò ní wẹgbẹ́ kó tó gbà yín síṣẹ́, òfin kò sí lẹ́yìn rẹ̀.

Ṣùgbọ́n èyí tó burú jù ni pé a ń sanwó, a kì í lọ sípàdé. Lọ́jọ́ tí a fẹ́ yan akápò, orúkọ wa ju igba lọ nínú ìwé. Àwa mẹ́tàdínlógún la jókòó sábẹ́ igi máńgòrò lẹ́yìn ilé oúnjẹ, mẹ́rin nínú wa ló sì wá nítorí ẹlẹ́rìndòdò. Ẹni tó kọ́kọ́ nawọ́ la dìbò fún, nítorí ilẹ̀ ń ṣú. Nígbà tí owó wá di báṣubàṣu, ẹ wá wo ariwo! Gbogbo igba ènìyàn ló mọ̀ ọ́n lólè.

Àwọn kan á ní ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ kò kan àwọn, àwọn ń ṣòwò tàwọn. Ní oṣù kẹfà ọdún 1945, àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè àti tàwọn ẹ̀ka ìjọba mìíràn daṣẹ́ sílẹ̀ nítorí ọ̀wọ́n gógó, Michael Imoudu sì wà lára àwọn aṣáájú wọn. Ó lé ní oṣù kan kí gbogbo rẹ̀ tó parí. Àwọn obìnrin ọjà Èkó, tí Alimotu Pelewura jẹ́ olórí wọn, wà lẹ́yìn òṣìṣẹ́. Kò sí ẹni tó ń san owó oṣù fún wọn. Ṣùgbọ́n bí kọ́bọ̀ kò bá sí lápò òṣìṣẹ́, ta ni yóò ra gàrí?

Ẹ jẹ́ ká tún sọ ti ẹ̀gúnjẹ, nítorí òun ló ń yá lẹ́nu wa jù. Bí wọ́n bá ti dá ìyanṣẹ́lódì dúró báyìí, "wọ́n ti gbà á." Ní oṣù kìíní ọdún 2012, lítà epo ọkọ̀ kan fò láti ₦65 sí ₦141, òṣìṣẹ́ daṣẹ́ sílẹ̀, ìlú dákẹ́ fún bí ọ̀sẹ̀ kan, ó wá sọ̀ kalẹ̀ sí ₦97. Títí dòní làwọn kan fi ń bú àwọn aṣáájú òṣìṣẹ́ pé wọ́n tà wá. Ní ọdún 2024 náà, NLC àti TUC, àjọ àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kejì, béèrè ₦615,000 gẹ́gẹ́ bí owó oṣù tó kéré jù. Ìjọba ní ₦48,000. Wọ́n ń ná an bí ẹni ń ná aṣọ ní Gbági: àwọn kan ń sọ̀ kalẹ̀, àwọn kan ń gùn díẹ̀díẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹfà wọ́n daṣẹ́ sílẹ̀, iná ọba kú káàkiri orílẹ̀-èdè; nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, wọ́n dá a dúró. Ní oṣù keje ó di ₦70,000.

N kò ní kí ẹ máa yìn wọ́n. Ẹni tó pe ọjà ní 615 tó tà á ní 70, ó yẹ ká bi í léèrè. Àmọ́ ìbéèrè wa ló ń ṣì. A kì í bèèrè ìwé àdéhùn. Ẹ̀yin mélòó lẹ mọ̀ pé òfin tó sọ owó oṣù tó kéré jù di ₦70,000 yẹn ti sọ àtúnyẹ̀wò owó oṣù di ọdún mẹ́ta-mẹ́ta dípò márùn-ún? Tàbí pé ilé iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ ibẹ̀ kò bá tó mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n kò sí lábẹ́ rẹ̀? Ọmọbìnrin tó ń ta oògùn ní ṣọ́ọ̀bù àdúgbò yín, ₦70,000 kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ibi tó yẹ kí ariwo wa lọ nìyẹn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nínú ẹgbẹ́ náà, ẹ má fi ohùn tí ẹnì kan gbà sórí WhatsApp daṣẹ́ sílẹ̀. Òfin ní kí ọmọ ẹgbẹ́ dìbò, kí èyí tó pọ̀ jù fara mọ́ ọn. Òfin mìíràn tún wà pé ẹni tó bá yanṣẹ́ lódì kò lẹ́tọ̀ọ́ sí owó àwọn ọjọ́ tí kò ṣiṣẹ́. ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, bẹ̀rẹ̀ tiwọn ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kejì ọdún 2022, ó di oṣù kẹwàá kí wọ́n tó wọlé, ìjọba sì di owó wọn mú. Ẹ ṣírò oúnjẹ ilé kí ẹ tó ṣírò orin.

Àṣìṣe tó kù, tèmi ni. Nílé iṣẹ́ wa, àwa tí a jẹ́ òṣìṣẹ́ gidi ní káàdì aláwọ̀ búlúù. Àwọn tí kọ́ńtírátọ̀ kó wá ní káàdì pupa. Ẹ̀rọ kan náà là ń dúró tì. Ó lé ní ìlàjì owó wa tí wọn kì í rí, kò sí ìsinmi ọdún, kò sí ilé ìwòsàn. Ọmọkùnrin oníkáàdì pupa kan dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ kan, ó ní, "Bọ̀dá akọ̀wé, ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè wá jókòó sípàdé yín, kí n kàn máa gbọ́?" Mo ní rárá. Mo ní kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ wa, kó lọ bá kọ́ńtírátọ̀ rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní ẹ ṣé, sà.

Kò pé ọdún kan tí máníjà fi pe àwa náà wọlé ní mẹ́wàá-mẹ́wàá, tí wọ́n gba káàdì búlúù lọ́wọ́ wa. Káàdì pupa wà nínú páálí lórí tábìlì, wọ́n ti tẹ orúkọ wa sí i.