Àgùnbánirọ̀ ni mí, káàdì oúnjẹ wà lápò mi

Mo ti ṣe àgùnbánirọ̀ rí, ní Keffi, níbi tí gbèsè ti máa ń dúró de alawí, owó oṣù àgùnbánirọ̀, lẹ́nu ọ̀nà kó tó wọlé. Mo rò pé ó parí síbẹ̀. Ní ìparí oṣù kẹjọ ọdún 2024, mo tún wọṣẹ́ ìsìnlú, lọ́tẹ̀ yìí ní Amẹ́ríkà, nínú ètò AmeriCorps tí ìjọba Clinton dá sílẹ̀ lọ́dún 1993. Kò sí kánǹpù, kò sí kákí. Ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ni wọ́n fi mí sí, kí n máa ran àwọn ọmọ tí ìwé kíkà ń dà láàmú lọ́wọ́. Wákàtí 1,700 ni mo ní láti ṣe pé. Owó tí wọ́n ń fún wa láti fi gbọ́ bùkátà fi díẹ̀ lé ní 1,700 dọ́là lóṣù. Yàrá tí mo háyà lọ́wọ́ àǹtí kan, ọmọ Ìjẹ̀ṣà bíi tèmi, gbé 800 nínú rẹ̀. Ẹ yọ owó ọkọ̀, ẹ yọ ti fóònù, kẹ́ ẹ wá wo ohun tó kù.

Lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ pàdé, ọ̀gá wa sọ ọ́ gbangba pé kí ẹnikẹ́ni tó bá lẹ́tọ̀ọ́ sí SNAP, owó oúnjẹ tí ìjọba ń fún ẹni tí owó rẹ̀ kò tó, lọ gbà á, pé ọ̀pọ̀ àwọn tó ti ṣiṣẹ́ yìí ṣáájú wa ló gbà á. Mo kàn ń wolẹ̀ ni. Láti ọdún 2008 ni ìjọba ti pa orúkọ food stamp dà sí SNAP, ṣùgbọ́n láàárín àwa ọmọ Nàìjíríà, orúkọ àtijọ́ yẹn ló ṣì wà lẹ́nu, bí èébú ni wọ́n sì ń pè é. Mo fi ọ̀sẹ̀ méjì jẹ Indomie kí ojú tó là mí.

Ìwé ìgbélùú kò dí mi lọ́wọ́, torí mo ti di ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Àmọ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní green card, ẹ fetí sí èyí: ẹ lè ṣe AmeriCorps, ṣùgbọ́n àgbàlagbà tó ní green card sábà máa ń dúró fún ọdún 5 kí SNAP tó kàn án. Ọ̀tọ̀ ni méjèèjì.

Fọ́ọ̀mù náà kò le. Orí fóònù ni mo ti kọ ọ́, lálẹ́ ọjọ́ 12 oṣù kẹsàn-án. Ibi tí wọ́n ti béèrè owó tó ń wọlé ni mo ti fọwọ́ ara mi kó bá ara mi: mo kọ AmeriCorps síbi orúkọ agbanisíṣẹ́, mo kọ 1,700 síbi owó oṣù. Kí ni ǹ bá tún kọ? Owó ń wọ báǹkì mi, wọ́n sì ń yọ owó orí níbẹ̀.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, òṣìṣẹ́ kan pè mí fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Gbogbo ìbéèrè rẹ̀ ló rọrùn àfi ẹyọ kan: ṣé èmi àti àwọn tí a jọ ń gbé jọ máa ń ra oúnjẹ, tí a sì jọ máa ń sè é? Ẹ tún ìbéèrè yẹn gbọ́, kẹ́ ẹ sì rántí ilé Yorùbá. Bí àǹtí bá se ẹ̀fọ́, wọn á kan ilẹ̀kùn mi pé kí n gbé abọ́ wá. Bí mo bá kọ̀, ìjà ni. Mo ṣàlàyé títí, obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní ohun tí òun ń béèrè ni bí ó ṣe máa ń rí lọ́jọ́ gbogbo. Lọ́jọ́ gbogbo, kálukú ló ń ra tirẹ̀, kálukú ló ní ìkòkò tirẹ̀. Ó ní ó dára, pé èmi nìkan ni ìdílé mi lójú òfin SNAP.

Lẹ́tà dé: wọn kò fún mi. Nígbà náà, ẹni kan ṣoṣo kò gbọdọ̀ gbà ju 1,580 dọ́là lóṣù lọ, tèmi sì ti kọjá a. Díẹ̀ ló kù kí n fà á ya.

Ọ̀gá wa ni kò jẹ́ n fà á ya. Ó ṣí kọ̀ǹpútà, ó tẹ ìwé kan jáde tó ti kọ sílẹ̀ tipẹ́, àfi kó kàn fi orúkọ mi sí i. Ìwé náà ní a kì í ṣe òṣìṣẹ́, owó tí à ń gbà kì í ṣe owó iṣẹ́, òfin ìjọba àpapọ̀ sì ní wọn kò gbọdọ̀ kà á mọ́ owó ẹni tó ń béèrè SNAP. Ní ẹ̀yìn lẹ́tà tí wọ́n fi kọ̀ mí, wọ́n kọ ọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ pé mo ní 90 ọjọ́ láti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Mo pè é, mo sì fi ìwé ọ̀gá wa tì í. Kí ọjọ́ ìgbẹ́jọ́ tó pé, alábòójútó kan pè mí, ó ní wọ́n ti yọ 1,700 yẹn kúrò. Láti oṣù kẹwàá, 292 dọ́là lóṣù ló di tèmi; ọjọ́ tí mo kọ fọ́ọ̀mù ni wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka ti oṣù kẹsàn-án, nítorí náà 184 ni tirẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi kan wà ní VISTA. AmeriCorps náà ni, ṣùgbọ́n òfin tirẹ̀ yàtọ̀: ẹni tó bá ti ń gba SNAP kó tó wọlé ni kò ní í ní ìyọnu kankan. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lọ VISTA, ẹ gba káàdì yín kẹ́ ẹ tó búra.

Ṣọ́ọ̀bù ọmọ Nàìjíríà tó wà nítòsí wa ń gba EBT, káàdì tí owó SNAP ń wọ̀. Mo ra iṣu, epo pupa, èlùbọ́ àti páńlá. Ẹ̀rọ kọ ọṣẹ dúdú, ó sì kọ jọ́lọ́ọ̀fù tó ń gbóná lórí iná, torí oúnjẹ gbígbóná kò sí nínú ohun tí wọ́n fọwọ́ sí. Ohun tí n kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni pé èèyàn lè fi ra irúgbìn àti igi tó ń so ohun jíjẹ. Nígbà tí òtútù lọ, mo fi ra igi ata rodo méjì, mo gbìn wọ́n sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn ilé.

Ata náà so. Àǹtí ń já a sọ́bẹ̀, ọbẹ̀ yẹn náà ni wọ́n sì ń pè mí sí. Bí òṣìṣẹ́ yẹn bá tún bi mí ní ìbéèrè ìkòkò, n kò mọ ohun tí màá sọ.