Awọ Yíyọ̀ Inú Kẹ́ẹ̀gì àti Abọ́ Ìmumi Adìyẹ: Bí Ó Ṣe Ń Dá Sílẹ̀ àti Bí A Ṣe Lè Tú U Ká

Ìwé ìtọ́sọ́nà fún àgbẹ̀ àti ìdílé ní ìwọ̀-oòrùn Kogí

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí ọ̀pọ̀ kànga bá ti ń gbẹ káàkiri ilẹ̀ Òkun, láti Kábbà àti Ìyàrá dé Mopà, Ìsánlú àti Ẹ̀gbẹ̀, omi tí ìdílé bá rí pọn ni wọ́n ń tọ́jú sínú àmù, kẹ́ẹ̀gì, dúrọ́ọ̀mù tàbí táǹkì fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Ẹni tó bá fọwọ́ kan inú kẹ́ẹ̀gì bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì yóò rí i pé ara rẹ̀ ti ń yọ̀ bọ̀rọ́ bí ara ẹja àrọ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ìdọ̀tí inú omi ló rọ̀ sílẹ̀, wọ́n a sì fi omi ṣàn án lásán. Bakitéríà, ẹ̀dá tíntìntín tí ojú lásán kò lè rí, ló kọ́ ọ bí ẹni kọ́lé. Biofilm ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè é. Awọ yíyọ̀ ni a ó máa pè é níhìn-ín.

Kí bakitéríà tó bà rárá, àwọn ohun tíntìntín tó ti yòrò sínú omi ti kọ́kọ́ lẹ̀ mọ́ ara kẹ́ẹ̀gì. Ibẹ̀ ni bakitéríà tí ń wẹ̀ kiri nínú omi yóò wá bà lé. Ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́, kò tíì dì í mú gírígírí, omi tó ṣàn dáadáa sì lè gbé e lọ. Bí ó bá fara mọ́ ibẹ̀ fún wákàtí mélòó kan, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í tu oje kan tí ń fà bí ilá. Omi ló pọ̀ jù nínú oje náà, èyí tó kù sì jẹ́ oríṣi ṣúgà tó so kọ́ra wọn, puròtéènì àti DNA (èròjà àbùdá inú ara ohun alààyè). Òun ló ń so bakitéríà mọ́ ara kẹ́ẹ̀gì, tó sì ń so wọ́n mọ́ ara wọn. Bí wọ́n ti ń pọ̀ sí i, wọ́n ń tú kẹ́míkà kan sí àyíká wọn gẹ́gẹ́ bí àmì; nígbà tí àmì yìí bá pọ̀ dé ìwọ̀n kan, gbogbo wọn á yí ìṣe wọn padà pa pọ̀, bí ìgbà tí agogo bá dún tí gbogbo abúlé sì jáde. Bí a bá sá awọ náà gbẹ kí a sì wọ̀n ọ́n, bakitéríà fúnra wọn kì í sábà tó ìdá kan nínú mẹ́wàá. Oje yìí ló pọ̀ jù nínú ìyókù.

Oje yìí kan náà ni kò jẹ́ kí dída Hypo tàbí Jik sínú kẹ́ẹ̀gì tó ti ń yọ̀ ṣiṣẹ́ tó bí a ti rò. Klọ́rín inú rẹ̀ á bá èyí tó wà lókè jà, á sì tán síbẹ̀ kó tó dé ìsàlẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́. Antonie van Leeuwenhoek, oníṣòwò aṣọ kan ní Nẹ́dálándì, tó fi awò tó ṣe fúnra rẹ̀ wo ohun tó há sáàárín eyín rẹ̀, kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1684 pé ọtí kíkan tí òun fi fọ eyín pa kìkì àwọn ẹ̀dá tíntìntín tó wà lóde, kò wọ inú. Nínú àyẹ̀wò òde òní, a ti rí bakitéríà inú awọ yíyọ̀ tó fara da oògùn tó tó ìlọ́po 1000 ìwọ̀n tí ń pa irú rẹ̀ tí ń dá wẹ̀ nínú omi.

Awọ náà a máa tú fúnra rẹ̀ pẹ̀lú. Bí oúnjẹ bá wọ́n tàbí tí àyè bá há jù, bakitéríà á tu èròjà tí ń jẹ oje náà, apá kan á sì já wẹ̀ lọ wá ibùgbé mìíràn. Irú èyí ló lè gbé bakitéríà tí ń fa àrùn inú, bíi E. coli tàbí Salmonella, dé ẹnu ọmọ àti ẹnu adìyẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé omi tí a bù sínú kẹ́ẹ̀gì mọ́ gaara.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ gbo ó kí ẹ tó da oògùn sí i. Àwọn ìyá wa tí ń fi kànìnkànìn, yanrìn àti eérú gbo ìkòkò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe, nítorí gbígbo ló ń fa oje náà ya. Àmọ́ yanrìn a máa ha ike, inú ojú híha yẹn sì ni awọ tuntun yóò ti rí ibi fara pamọ́ sí. Fún kẹ́ẹ̀gì tí ọrùn rẹ̀ tóóró, ẹ da òkúta róbótó wẹ́wẹ́ tó mọ́, ọṣẹ àti omi díẹ̀ sí i, kí ẹ mì í kíkankíkan títí ara rẹ̀ kò fi ní yọ̀ mọ́. Ẹ fi omi ṣàn án. Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ po Hypo ṣíbí ìpotíì kan mọ́ omi lítà kan, kí ẹ yí i ká gbogbo inú rẹ̀, kí ẹ fi í sílẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ẹ dà á nù, kí ẹ tún fi omi tó mọ́ ṣàn án, kí ẹ sì dojú rẹ̀ dé sínú oòrùn títí yóò fi gbẹ táútáú. Ẹ má ṣe po Hypo mọ́ ọsàn wẹ́wẹ́, ọtí kíkan tàbí oògùn ìfọlé mìíràn láéláé: èéfín olóró ló ń jáde níbẹ̀, ó sì lè ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́.

Ti abọ́ ìmumi adìyẹ le ju ti ilé lọ, nítorí omi ibẹ̀ máa ń móoru, oúnjẹ ń jábọ́ sínú rẹ̀, glúkósì àti fítámì tí a ń pò mọ́ ọn sì jẹ́ àsè fún bakitéríà. Ojoojúmọ́ ni kí ẹ máa gbo ó. Bí ẹ bá fẹ́ fún àwọn adìyẹ ní àjẹsára tí a ń pò sínú omi, bíi Lasota, ẹ dáwọ́ klọ́rín dúró ní ọjọ́ kan tàbí méjì ṣáájú, kí ẹ sì ṣan abọ́ náà dáadáa, torí pé klọ́rín a máa pa àjẹsára náà.

Omi Hypo tí ẹ bá sì lò tán, ẹ má dà á sí ìdí ẹ̀wà tàbí ẹ̀pà. Bakitéríà tí ń fa nitrojín láti inú afẹ́fẹ́ fún irúgbìn wọ̀nyẹn ń hun irú awọ yìí mọ́ gbòǹgbò wọn kí wọ́n tó wọ inú rẹ̀.