Bí a ṣe ń jí Peugeot 504 tó ti sùn fún ọdún gbọọrọ

Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá fẹ́ tún mọ́tò àtijọ́ ṣe, kó má tíì ra ọ̀dà o. Ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ torí òun ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ bi mi tí wọ́n bá ti wọ gàráàjì wa níbí ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), "ọ̀gá, àwọ̀ wo la máa kùn ún?", mọ́tò tí bíréèkì ẹ̀ ò mú, tí ìpẹtà ti jẹ abẹ́ ẹ̀ tán, àwọ̀ lẹ ń bi mí. Ọ̀dà ló ń gbẹ̀yìn. Ẹni tó bá kùn ún ṣáájú, ẹ̀ẹ̀mejì ló máa sanwó ẹ̀.

Èyí tí mo fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ ni 504 familiale kan tí wọ́n fi ọkọ̀ ńlá gbé wá fún wa láti Kétu. Bàbá oníbàárà wa ló ni ín, ó fi ná Kétu sí Kútọnu láyé ìgbà tí ẹni bá pe takisí, 504 ló ń pè, ìlà ìjókòó mẹ́ta, èrò á fún pọ̀ bí ẹ̀wà inú agolo, ewúrẹ́ á wà lókè. Bàbá kú, wọ́n tì í sábẹ́ igi máńgòrò, ìgbà tó dé ọ̀dọ̀ wa adìyẹ ti ń yé ẹyin sórí ìjókòó ẹ̀yìn. Ọmọ wá ní òun fẹ́ kó rìn, kó sì ní ẹ̀rọ atẹ́gùn tútù, kó ní bluetooth. Mo ní ó dáa, ṣùgbọ́n a máa tò ó ní ìtẹ̀léra.

Ó yẹ kẹ́ ẹ mọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ fọwọ́ kàn. 1968 ni Peugeot gbé 504 jáde, ní 1983 wọ́n dá a dúró ní Faransé, pikọ́ọ̀pù nìkan ló ṣẹ́kù, ṣùgbọ́n Kàdúná ní Nàìjíríà ti ń tò ó láti 1975, wọn ò sì tètè ṣíwọ́. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀yà ara ẹ̀ ò fi ṣọ̀wọ́n, tí a ò bá rí i lọ́dọ̀ wa níbí tàbí ní Kútọnu, a ó ránni gba ẹnubodè Ìgólò kọjá lọ ọjà Ládípọ̀ l'Ékòó. Ẹ kàn ṣọ́ra pẹ̀lú ayédèrú. Wọ́n ti ta kọ̀ńdẹ́ńsà (ẹ̀yà kékeré inú ẹ̀rọ iná ẹ́ńjìnì) fún mi rí, nínú páálí tuntun tó ń dán, kò lò ju ọjọ́ mẹ́rin lọ, ìgbà tí mo sì padà lọ bá ẹni tó tà á, ó ní òun ò mọ̀ mí rí.

Kẹ́ ẹ tó tú nọ́ọ̀tì kan, ẹ gbé kati gíríìsì, ìwé mọ́tò, jáde kẹ́ ẹ fi wé nọ́ńbà ṣásí tí wọ́n tẹ̀ sára irin ẹ̀, ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Tí wọn ò bá bára mu, ẹ dúró ná, torí ọjọ́ vísìtì tẹkiníìkì, àyẹ̀wò mọ́tò, ni gbogbo owó yẹn máa wọgbó. Ẹ sì kìlọ̀ fún tólíè, ẹni tó ń tún páànù ara mọ́tò ṣe, pé ibi tí nọ́ńbà yẹn wà, kò gbọdọ̀ gé e, kò gbọdọ̀ fi mastíìkì bò ó (ohun bí àmọ̀ tí wọ́n fi ń dí ara mọ́tò kí wọ́n tó kùn ún, mastíìkì làwa ń pè é, àwọn ará Èkó ń pè é ní fílà, ìkan náà ni).

Lẹ́yìn ìyẹn, fóònù. Ẹ ya fọ́tò gbogbo ibi tẹ́ ẹ máa tú, bí wáyà ṣe gbà kọjá, bí páìpù ṣe rọ̀, ibi tí wáṣà wà. Nọ́ọ̀tì ilẹ̀kùn, ọ̀rá tiẹ̀, ti ẹ́ńjìnì, ọ̀rá tiẹ̀, ẹ kọ orúkọ sí i lára. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi máa ń sọ pé àwọn ò lè gbàgbé. Wọ́n máa ń gbàgbé.

Ẹ́ńjìnì tó ti sùn pẹ́, ẹ má fi bátìrì jí i lójú ẹsẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti ba tiwọn jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ yọ búzì (pọ́lọ́ọ̀gì) mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ kán epo ẹ́ńjìnì tó fúyẹ́ díẹ̀ sínú ihò kọ̀ọ̀kan, ẹ fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì, kẹ́ ẹ wá fi sípánà yí nọ́ọ̀tì iwájú ẹ́ńjìnì pẹ̀lú ọwọ́, jẹ́jẹ́. Tó bá kọ̀, ẹ má fipá ṣe é, ẹ kán epo sí i sí i, ẹ tún dúró. Tó bá ti yí dáadáa, ẹ da epo àtijọ́ nù, ẹ pààrọ̀ fílítà, ẹ tú táǹkì epo sílẹ̀. Ẹ̀sáǹsì (pẹtiróòlù) tó ti pẹ́ máa ń rùn bíi fáníìṣì, ó sì máa ń dí kàbúrétọ̀ pa. Mo bẹ̀ yín, ẹ má fi iná wẹ́ẹ̀dì jó táǹkì tó ń jò. Ẹ má rò pé ó ti ṣófo, afẹ́fẹ́ epo tó kù nínú ẹ̀ ló ń bú gbàù, ìlú tí wọ́n ti ń ta kpayo, ẹ̀sáǹsì fàyàwọ́, nínú ìgò lẹ́bàá títì, kò yẹ kí n máa ṣàlàyé èyí fún ẹnikẹ́ni.

Ti ẹni tá à ń sọ yìí, ẹ́ńjìnì 1971 cc ni, bílọ́ọ̀kì irin, orí aluminíọ̀mù, ṣẹmíìsì ẹ̀ (irin bíi páìpù tí písítìn ń rìn nínú ẹ̀) sì jẹ́ èyí tí omi ń yí ká, tó ṣeé yọ. Ó dáa torí ẹ ò ní gbé bílọ́ọ̀kì lọ síbi tí wọ́n ti ń gbẹ́ ihò ẹ̀ tóbi sí i, ṣẹmíìsì àti písítìn tuntun lẹ máa rà. Ṣùgbọ́n bàbá yẹn, omi kànga ló ń dà sí rediétọ̀ ní gbogbo ọjọ́ ayé ẹ̀, orí aluminíọ̀mù ti jẹ, ẹrẹ̀ pupa ló kún ìsàlẹ̀ bílọ́ọ̀kì, ṣíbí la fi ń wà á. Torí náà omi rediétọ̀ gidi ni kẹ́ ẹ máa lò, kì í ṣe omi lásán. Tẹ́ ẹ bá ti dá orí padà, ẹ wọn àyè fáàfù nígbà tí ẹ́ńjìnì tutù, 0.10 mm fún èyí tó ń fa afẹ́fẹ́ wọlé, 0.25 mm fún èyí tó ń tú èéfín.

Bíréèkì ló kàn, mi ò ní pẹ́ lórí ẹ̀ torí kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Gbogbo páìpù rọ́bà, tuntun. Rọ́bà inú másítà àti ti ẹsẹ̀ táyà kọ̀ọ̀kan, tuntun. Epo bíréèkì DOT 4, ọdún méjì méjì lẹ máa pààrọ̀ ẹ̀ torí ó máa ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́, afẹ́fẹ́ tiwa níbí lẹ́bàá ọ̀sà, omi ni gbogbo ẹ̀. Táyà tó ti sán, kódà kó ṣì ní ojú, ẹ sọ ọ́ nù. Gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá sì wà lábẹ́ mọ́tò, ẹsẹ̀ irin ni kó gbé e, kì í ṣe jáàkì nìkan. A máa ń bọ Ògún ní gàráàjì wa lọ́dọọdún, ṣùgbọ́n Ògún ò ní kí ẹnikẹ́ni sùn sábẹ́ jáàkì.

Ó wá ku páànù ara mọ́tò, ibẹ̀ gan-an niṣẹ́ wà. Ẹ mú mágínẹ́ẹ̀tì kékeré, ẹ fi aṣọ wé e kó má ha ọ̀dà, ẹ máa fà á kiri ara mọ́tò. Ibi tí kò bá ti lẹ̀ mọ́, mastíìkì ló wà níbẹ̀, ihò ló sì wà lábẹ́ ẹ̀. Ti 504, ẹ wo ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn, ilẹ̀ mọ́tò lábẹ́ rọ́ọ̀gì, abẹ́ gíláàsì iwájú níbi tí ewé máńgòrò máa ń kó sí, àti ibi tí sípíríìn ẹ̀yìn fara tì. Familiale ní sípíríìn méjì méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn torí ẹrù, tí ibi tí wọ́n jókòó lé bá ti jẹ, ẹ ò tún mọ́tò ṣe, ikú lẹ ń tò.

Àwọn tólíè kan máa ń fi páànù tuntun bo èyí tó jẹrà, wọ́n á jó etí ẹ̀ yíká, wọ́n á fi mastíìkì tẹ́ ẹ. Oṣù mẹ́fà, ó ti wú. Ẹ gé e títí dé ibi tí irin ti ń dán, kí páànù tẹ́ ẹ máa fi dípò jẹ́ bákan náà ní nínípọn, bíi 0.8 sí 1 mm. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gé irin ara mọ́tò tó wà lábẹ́ ilẹ̀kùn, ẹ kọ́kọ́ jó irin gbọọrọ méjì dábùú ojú ilẹ̀kùn kí mọ́tò má bàa tẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ilẹ̀kùn ò ní pa dé mọ́ láé. Ẹ yọ bátìrì, ẹ yọ wáyà altanétọ̀, ẹ̀rọ tó ń fún bátìrì níná, kẹ́ ẹ tó jó o. Ẹ máa fi iná kàn án díẹ̀díẹ̀, ìhín, ọ̀hún, kó máa tutù láàárín, torí iná tó bá pọ̀ lójú kan máa ń mú páànù ká bí ewé gbígbẹ. Wẹ́ẹ̀dì MIG, tó ń fi iná mànàmáná jó irin, dára ju gáàsì lọ fún páànù tín-ín-rín. Lẹ́yìn náà, praimà (ọ̀dà ìpìlẹ̀) tó ní síńkì, ẹ da epo wáàsì sínú ihò ìkọ̀kọ̀, ẹ má sì dí ihò tí omi ń gbà jáde, mo ti rí ẹni tó fi mastíìkì dí gbogbo ẹ̀ tó ní òun ń dáàbò bò ó!

Ìgbà yìí la wá dé ọ̀rọ̀ ìgbàlódé. Òfin tèmi ni pé ohun tẹ́ ẹ bá fi kún un, ó gbọ́dọ̀ ṣeé yọ kí mọ́tò padà sí bó ṣe wà. Iná iwájú ni mo kọ́kọ́ ń ṣe. Gílóòbù H4 méjì, 60 wáàtì kọ̀ọ̀kan, 120 ni, ẹ pín in sí 12 fóòtì, ámpíà 10 ló ń gba inú súìṣì tó ti dàgbà ju èmi lọ, ìdí tó fi ń gbóná tí iná sì ń ṣe bíi fìtílà nìyẹn. Ẹ fi rìléè, súìṣì tí iná ń tẹ̀ fúnra ẹ̀, sí i, wáyà tó nípọn láti bátìrì, fíúsì 15, súìṣì á kàn máa pa àṣẹ. Lẹ́yìn ẹ̀ ni iná Delco (ẹ̀rọ tó ń pín iná fún búzì): èyí tó jẹ́ ẹlẹ́kítíróníìkì dípò pílátínì (irin kékeré tó ń ṣí tó ń pa dé nínú ẹ̀), ẹ ò ní máa wọn àyè 0.40 mm ẹ̀ lójú títì mọ́, ṣùgbọ́n ẹ kó pílátínì àtijọ́ sínú àpótí iwájú, ọjọ́ kan ẹ ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Fáànù àtìlẹ̀wá ẹ̀, ọgbọ́n Peugeot ni, ó ní mágínẹ́ẹ̀tì iná tó ń mú un tó sì ń jọ̀wọ́ ẹ̀, ṣùgbọ́n kábọ́ọ̀nù ẹ̀ máa ń jẹ tán, fáànù á dúró gan-an, ẹ́ńjìnì á sè nínú gosílóò. Fáànù iná tó ní atọ́kùn ooru ni mo fi dípò ẹ̀. Ẹ̀rọ tútù wá lẹ́yìn ìyẹn, gáàsì R134a ni, altanétọ̀ gbọ́dọ̀ lágbára sí i. Bẹ́líìtì ìjókòó olójú mẹ́ta fún gbogbo ìlà, ẹ jó irin pẹlẹbẹ sábẹ́ ibi tẹ́ ẹ máa so ó mọ́, páànù ilẹ̀ nìkan ò lè mú èèyàn dúró.

Oníbàárà wa tún ní kí n gbé ẹ́ńjìnì Toyota sínú ẹ̀. Mo kọ̀. Nínú 504, jíà àti ẹ̀yìn mọ́tò, páìpù irin kan ṣoṣo ló so wọ́n pọ̀, tẹ́ ẹ bá gé èyí, gbogbo ẹ̀yìn lẹ máa tún ṣe, ẹ́ńjìnì tá a tún ṣe yìí sì wà níbẹ̀ tó ń kùn bí oyin. Ó tún fẹ́ tábúlẹ́ẹ̀tì gàgàrà lójú dáṣíbọọ̀dù, mo fi rédíò bluetooth kékeré pamọ́ sínú àpótí ìwé, ó bínú fún ọjọ́ méjì péré.

Ọ̀dà wáyé lópin. Ní àkókò òjò, ọ̀dà máa ń mú ọ̀rinrin, ó máa ń funfun bí ẹ̀fun lójú. Nígbà ọyẹ́ ó máa ń gbẹ dáadáa, àmọ́ eruku. Àárọ̀ kùtù la máa ń kùn ún nígbà ọyẹ́, a ó bu omi wọ́n ilẹ̀ kí eruku jókòó, a ó sì so aṣọ mọ́ ojú fèrèsé.

Tó bá ti rìn, ẹ mú un jáde lọ sọ́nà Ṣakẹ́tẹ́, kẹ́ ẹ padà, kó tutù, kẹ́ ẹ wo omi àti epo. Ẹ́ńjìnì tuntun, ẹ má sáré fún 500 km, lẹ́yìn ẹ̀ ẹ da epo nù, ẹ tún fún bóòtù orí ní ìtẹ̀léra tiẹ̀ tó bá jẹ́ gásíkẹ́ẹ̀tì tó ń fẹ́ bẹ́ẹ̀. Lálẹ́, ẹ tẹ́ páálí sábẹ́ ẹ̀. Láàárọ̀, dúdú, epo ẹ́ńjìnì ni, àwọ̀ ewé, rediétọ̀ ni, èyí tó bá wà lẹ́bàá táyà, bíréèkì ni, ẹ má gbé e jáde. Tiwa, páálí dúdú lẹ́ẹ̀mejì, ìkẹta gbẹ, la bá pe ọmọ bàbá kó wá gbé mọ́tò.