Ife Fàdákà Ọ̀gágun: Àwọn Àṣìṣe Tó Yẹ Ká Ṣọ́ra Fún

Ẹni tó bá rí ife fàdákà ọ̀gágun àtijọ́ nínú mùsíọ́ọ̀mù á tètè sọ pé, "Ebi ń pa ọmọ ogun, ọ̀gá ń jayé." Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù nìyẹn.

Ẹ wo George Washington, olórí ogun Amẹ́ríkà nígbà tí wọ́n ń bá England jà fún òmìnira. Lọ́dún 1777, ó kó dọ́là fàdákà 16 fún Edmund Milne, alágbẹ̀dẹ fàdákà ní Philadelphia, pé kó fi rọ ife 12 tí òun á máa gbé kiri ibùdó ogun. Ní oṣù Kẹjọ 1779, ó wà ní West Point, ibùdó ogun kan ní New York, ó sì pe ìyàwó dókítà John Cochran àti Ìyáàfin Livingston wá jẹun. Ló bá kọ̀wé sí dókítà náà, kí àwọn àlejò má bàa fọkàn sí ohun tí kò sí: itan ẹlẹ́dẹ̀ lókè tábìlì, ẹran màlúù sísun nísàlẹ̀, ẹ̀wà tàbí ẹ̀fọ́ díẹ̀ láàárín, tí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ hàn sójú. Àwo ńkọ́? Ó ní tánganran (tin) ni tẹ́lẹ̀, ó ti di irin, kì í sì í ṣe fífọ̀ ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀! Ọ̀gágun kan náà tó ní ife fàdákà ló ń sọ̀rọ̀ yìí o.

Èyí tó máa ń bí mi nínú ni pé a ó ka orúkọ ẹni tó rọ ife, a ò ní dárúkọ ẹni tó se oúnjẹ. Hannah Till àti ọkọ rẹ̀, Isaac, wà lára àwọn tó ń dáná fún Washington. Ẹrú ni wọ́n. Owó iṣẹ́ wọn ni wọ́n fi ra òmìnira ara wọn.

Ẹ má sì fi ìwọ̀nba tó ṣẹ́ kù lónìí mọ iye tó wà nígbà náà. Owó ni fàdákà. Nígbà tí ogun fẹ́ gbẹ àpò ọba Faransé lọ́dún 1759, Louis XV kó àwo tirẹ̀ lọ síbi tí wọ́n ti ń rọ owó, ó sì ní kí àwọn ìjòyè ṣe bẹ́ẹ̀. Àìmọye iṣẹ́ ọnà ló yọ́ dànù.

Ẹ má rò pé ọwọ́ ẹni tó ni ín ló máa ń wà títí. Àpótí ohun ìjẹun fàdákà tí Ebenezer Oliphant rọ ní Edinburgh fún Charles Edward Stuart, ọmọ ọba tó ń jà láti gba ìtẹ́ Britain, bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá lójú ogun Culloden ní Scotland lọ́dún 1746. Edinburgh náà ló padà sí, nínú mùsíọ́ọ̀mù.

Ní ti òǹtẹ̀: England máa ń lu kìnnìún àti lẹ́tà ọdún sára fàdákà lásìkò ogun Washington. Ti Amẹ́ríkà kò ní irú rẹ̀. Orúkọ alágbẹ̀dẹ nìkan ni ẹ ó sábà rí. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí "EPNS" (àmì irin tí wọ́n fi iná mànàmáná pa fàdákà sí lára) lábẹ́ ife tí wọ́n ní Washington fi mu wáìnì, ẹ dá a padà fún ẹni tó ń tà á. Kí ó tó di ọdún 1840, kò tíì sí òwò fífi iná mànàmáná pa fàdákà sára irin mìíràn.