Lọ́ńdọ̀nù sí Párísì: ohun tí kò yẹ kó o ṣe tó o bá ń ṣírò ìrìn àjò

Tí wọ́n bá fa okùn tààrà láti Lọ́ńdọ̀nù dé Párísì, kò ju nǹkan bí 344 kìlómítà lọ. Bàálù kì í sábà lò tó wákàtí kan lójú òfuurufú. Ohun tó ń tan àwọn èèyàn jẹ nìyẹn. Wọ́n á jí láàárọ̀, wọ́n á fi ọkàn balẹ̀ mu tíì, wọ́n á ní Párísì ò kúkú jìnnà.

Má fi aago ara tíkẹ́ẹ̀tì ṣírò láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì. Aago ìlú tí bàálù ti gbéra ni wọ́n fi ń kọ àkókò ìgbéra, aago ìlú tó ń lọ ni wọ́n fi ń kọ ti ìbalẹ̀. Párísì sì fi wákàtí kan ṣáájú Lọ́ńdọ̀nù látọdún dé ọdún, torí òru kan náà ni ìlú méjèèjì ń yí aago wọn padà ní oṣù kẹta àti oṣù kẹwàá. Bàálù tó gbéra ní 9:00 tó balẹ̀ ní 11:20, wákàtí kan àti ogún ìṣẹ́jú péré ló lò, pẹ̀lú ìgbà tó fi ń rìn nílẹ̀ ní pápákọ̀. Tó o bá ń padà bọ̀, wà á rí 18:00 sí 18:20. Kì í ṣe pé bàálù náà yára bí àṣá o.

Èyí tó ń dá wàhálà sílẹ̀ jù ni kéèyàn gbàgbé ọ̀nà pápákọ̀ òfuurufú. Wọ́n ń pe pápákọ̀ Luton ní Lọ́ńdọ̀nù, ṣùgbọ́n ó tó 50 kìlómítà sí àárín ìlú. Ẹni tó ń gbé Peckham ní láti la Lọ́ńdọ̀nù já láti gúúsù dé àríwá kó tó débẹ̀. Fi wákàtí méjì tí wà á fi tètè dé kún un, àti ìlà àwọn tó ń yẹ ẹrù wò. Tó o bá balẹ̀ sí Charles de Gaulle, pápákọ̀ ńlá Párísì, o ṣì máa tò fún ìwé ìrìnnà, kó o tó wọ ọkọ̀ ojú irin RER B fún nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí Gare du Nord, ibùdókọ̀ ojú irin ní Párísì. Odindi wákàtí márùn-ún lè ti lọ. Tó o bá wá rí pápákọ̀ Beauvais lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ Párísì, rò ó dáadáa: ibẹ̀ tó 85 kìlómítà sí Párísì!

Èmi ò rí ìdí tẹ́ni tó ń lọ sáàárín ìlú á fi kọ ọkọ̀ ojú irin Eurostar, àfi tówó ẹ̀ bá wọ́n jù lọ́jọ́ náà. Láti St Pancras, ibùdókọ̀ ojú irin ní Lọ́ńdọ̀nù, dé Gare du Nord kò sábà ju nǹkan bí wákàtí méjì àti ogún ìṣẹ́jú lọ, ó ń gba ihò abẹ́ òkun tí wọ́n ṣí lọ́dún 1994. Ṣùgbọ́n má sáré débẹ̀ nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Wọ́n á ti ti gèètì.

Ní St Pancras náà làwọn aṣọ́bodè Faransé ti ń yẹ ìwé wò, ibẹ̀ lojú sì ti ń ti ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà. Físà ìlú Ọba kò ṣiṣẹ́ ní Faransé. Kódà kí wọ́n ti fún ẹ ní ìwé ìgbélùú tí kò lópin, tó bá jẹ́ páálí Nàìjíríà lo mú dání, àfi kó o gba físà Schengen, ìyẹn èyí tí wọ́n fi ń wọ Faransé, kó o tó ra tíkẹ́ẹ̀tì. Tíkẹ́ẹ̀tì olówó pọ́ọ́kú kì í sábà dáwó padà fún ẹni tí wọ́n bá dá padà lẹ́nu ibodè.