Bí Ẹ Ṣe Lè Ya Fọ́ǹtì Gàdàgbà fún Àkọlé, àti Bí Ẹ Ṣe Máa Lò Ó

Fọ́ǹtì gàdàgbà kì í ṣe fọ́ǹtì ìwé kíkà tí a kàn mú sanra. Ẹ mú lẹ́tà tẹ́ẹ́rẹ́ kan, kí ẹ ní kí kọ̀ǹpútà fi dúdú kún un yí ká, ẹ ó rí i pé ihò inú “e” àti “a” ti dí. Bí dúdú bá ṣe ń pọ̀ sí i ni funfun inú lẹ́tà ń dín kù. Funfun yẹn ni kí ẹ máa ṣọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ pinnu irú ìwà tí lẹ́tà yín máa ní. Impact tí Geoffrey Lee yà, tó jáde ní 1965, dúró ṣánṣán, ó fún pọ̀. Cooper Black ti Oswald Cooper, tó jáde ní 1922, rí róbótó, etí rẹ̀ kò mú rárá. Méjèèjì ló dúdú dáadáa, ṣùgbọ́n ọ̀kan ń pàṣẹ, èkejì ń rẹ́rìn-ín.

Nínú Glyphs tàbí FontForge, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ya fọ́ǹtì (ọ̀fẹ́ ni FontForge), ẹ pín ìwọ̀n lẹ́tà sí yúníìtì 1000, òun ni gbogbo nọ́ńbà ìsàlẹ̀ yìí ń tọ́ka sí. Ibi tó dára láti bẹ̀rẹ̀ nìyí: lẹ́tà ńlá ga ní 720, “x” ga ní 540, òpó “H” (ìlà òòró rẹ̀) nípọn ní 200. Ojú wa máa ń rí ìlà ìbú bíi pé ó nípọn ju ìlà òòró lọ, nítorí náà ẹ dín ìlà ìbú “H” kù sí 150. “O” ní láti yọ kọjá ìlà lókè àti nísàlẹ̀ ní bíi 12 sí 15, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á dà bíi pé ó kéré ju “H” lọ. Níbi tí apá “n” ti jáde lára òpó, ẹ gé dúdú rẹ̀ kù sí bíi 100, kí igun náà má baà dúdú kirikiri. H, O, n àti o ni kí ẹ yà ṣáájú. Lára wọn ni ìyókù ti máa jáde.

“e” ló máa dán yín wò jù. Ìlà ìbú mẹ́ta àti ihò méjì ló gbọ́dọ̀ wọ inú 540. Bí ìlà kọ̀ọ̀kan bá jẹ́ 150, 450 ti lọ, ó ku 45 péré fún ihò kọ̀ọ̀kan. Nínú àkọlé tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ píkísẹ́lì 20, 45 kò tó píkísẹ́lì kan, ihò náà á pòórá. Ẹ fi 125 sí òkè, 85 sí àárín, 125 sí ìsàlẹ̀. 205 á ṣẹ́ kù fún funfun. Bákan náà ni ẹ ó ṣe fún “a”, “s”, “B” àti “8”.

Àlàfo láàárín lẹ́tà kò gbọ́dọ̀ ju funfun inú lẹ́tà lọ púpọ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ọ̀rọ̀ á túká. Ẹ gbìyànjú 45 ní ẹ̀gbẹ́ “H”, 20 ní ẹ̀gbẹ́ “O”, kí ẹ tẹ HHOHOO àti nnonoo wò. Lẹ́yìn èyí nìkan ni kí ẹ tó fa AV, To àti LT súnmọ́ra.

Àmì ohùn ni ọ̀pọ̀ fọ́ǹtì gàdàgbà ti ń já Yorùbá kulẹ̀, ó sì dùn wá, torí iṣẹ́ náà kò pọ̀. “ẹ́” kò ní kóòdù tirẹ̀ nínú Unicode, ètò tó ń fún lẹ́tà àti àmì kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà. “ẹ” (U+1EB9) ni, pẹ̀lú àmì ohùn òkè, U+0301. Nítorí náà, ẹ fi ìdákọ̀ró (anchor, ibi tí àmì ti ń so mọ́ lẹ́tà) “top” àti “bottom” sára lẹ́tà, kí ẹ sì fi “_top” àti “_bottom” sára àmì, kí àmì lè mọ ibi tó máa jókòó. Ẹ jẹ́ kí àmì tẹ́ẹ́rẹ́ ju òpó lọ, bíi 110. Kí fífẹ̀ àmì ìsàlẹ̀ (èyí tó wà lábẹ́ ẹ, ọ àti ṣ) jẹ́ 130, kí ó sì fi 50 jìnnà sí lẹ́tà. Bí ó bá súnmọ́ jù, á lẹ̀ mọ́ ọn. Pẹ̀lú àmì lórí, “Ẹ́” lè ga dé 930, kí ó sì sọ̀kalẹ̀ dé -180. Bí winAscent àti winDescent, ìyẹn ààlà òkè àti ìsàlẹ̀ tí fọ́ǹtì sọ fún Windows, kò bá gba ìyẹn, Windows lè gé orí àmì dànù. Ọ̀ṢỌ́ àti Ẹ̀ṢẸ́ dára fún ìdánwò.

Ní ti lílò, ẹ fi mọ sí àkọlé, pósítà àti ẹ̀yìn ìwé, láti póìntì 30 sókè, ọ̀rọ̀ méjì sí mẹ́fà. Ìpínrọ̀ odindi á rẹ ojú. Bí ẹ bá ń kọ lẹ́tà ńlá Yorùbá, 930 àti 180 jẹ́ 1110, nítorí náà kí àyè ìlà sí ìlà má dín ní ìlọ́po 1.15 ìwọ̀n lẹ́tà, kí àmì òkè má baà kọlu àmì ìsàlẹ̀. Lẹ́tà funfun lórí dúdú máa ń dà bíi pé ó tún sanra sí i, ẹ fi àlàfo bíi 1% kún un.

Fún íntánẹ́ẹ̀tì, WOFF2, irú fáìlì fọ́ǹtì tí a ṣe fún wẹ́ẹ̀bù, ni kí ẹ lò. Bí ẹ bá ń gé fáìlì kù kí ó lè fúyẹ́, ẹ má yọ U+0300 (àmì ohùn ìsàlẹ̀), U+0301 àti U+0323 (àmì abẹ́ lẹ́tà), torí bí ẹ bá yọ wọ́n, fọ́ǹtì mìíràn ni àmì á ti wá. Nínú @font-face, apá CSS tí ẹ ti ń sọ fọ́ǹtì fún bíráwúsà, ẹ kọ font-weight: 900 (bí lẹ́tà ṣe dúdú tó). Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ ní 400, h1 (àkọlé ńlá ojú ìwé) á béèrè 700, bíráwúsà á fi dúdú àtọwọ́dá kún un, gbogbo ihò tí ẹ fara balẹ̀ yà á sì tún dí.