Omi Ń Kán Láti Àjà: Bí Ayálégbé Ṣe Lè Mú Kí Onílé Tún Ilé Ṣe

Odidi oṣù mẹ́sàn-án ni bọ́kẹ́ẹ̀tì kan fi jókòó sáàárín ilé ìdáná mi. Abẹ́ ilé ìwẹ̀ àwọn ará òkè ni omi ti ń kán wá sínú rẹ̀. Bí mo bá pe kẹ́títákà, ohun kan náà ló máa ń sọ: "Mo ti gbọ́, Màmá Tóbi. Ọ̀la ni púlọ́ńbà ń bọ̀." Mo bínú títí, mo pariwo títí. Lọ́jọ́ kan tí omi náà kán sínú ọbẹ̀ ẹ̀gúsí tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sè, mo jókòó sórí àpótí, mo sunkún. Púlọ́ńbà ò dé. Lẹ́tà tí kò kún ojú ewé kan ló padà mú un dé, láàárín ọjọ́ márùn-ún.

Ẹnu ni ọ̀pọ̀ nínú wa fi ń bá onílé jà, bí ilẹ̀ bá sì ti ṣú, ẹnu ò ní ẹ̀rí. Bí mo ṣe máa ń ṣe é báyìí ni mo fẹ́ sọ, pàápàá fún ẹni tó ń gbé fúláàtì l'Ékòó. Òfin ayálégbé Ìpínlẹ̀ Èkó ti 2011 ni mo gbé ọ̀rọ̀ mi lé. Òfin náà ò kan Ìkòyí, Victoria Island, Apápá àti Ìkẹjà GRA, nítorí náà kí àwọn tó ń gbé níbẹ̀ bi lóyà léèrè kí wọ́n tó tẹ̀ lé mi.

1. Ẹ kọ́kọ́ mọ ibi tó ti ń bàjẹ́

Ẹni tó bá pe onílé pé "ilé yín ń jò" ti fún un láyè láti ní "mo ti gbọ́." Ẹ wò ó dáadáa. Bó bá jẹ́ pé ìgbà òjò nìkan ló ń jò, òrùlé ni tàbí ògiri ìta. Bó bá jẹ́ pé ìgbà tí ará òkè bá wẹ̀ ló ń jò, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ páìpù tí omi ìdọ̀tí ń gbà lọ. Bó bá ń jò tọ̀sán tòru, tí ẹnikẹ́ni ò lo omi, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ páìpù tó ń gbé omi láti tánkì ló bẹ́.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni ti búlúù tí a fi ń fọ aṣọ funfun. Mo bẹ aládùúgbò mi òkè, ó po díẹ̀ sínú àpótí omi ẹ̀yìn tọ́ọ́lẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó sì ṣan án lẹ́ẹ̀mẹta. Kò tó wákàtí kan tí omi bọ́kẹ́ẹ̀tì mi fi di búlúù. Ọ̀rọ̀ parí. Kẹ́títákà tó ti ń sọ pé èmi ni mi ò mọ ilé ìdáná lò ò rí nǹkan kan sọ mọ́.

Ti iná náà ní ìdánwò tirẹ̀. Bí owó mítà prépéèdì yín bá ń tètè tán ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ dúró di ìgbà tí ẹ̀rọ tó ń fa omi bọ́hóòlù gbogbo ilé bá ń ṣiṣẹ́, kí ẹ wá pa iná fúláàtì yín láti ibi mítà. Bí ẹ̀rọ náà bá dákẹ́, ẹ̀yin lẹ ti ń sanwó omi gbogbo ilé láti ọjọ́ yìí.

2. Ta ni iṣẹ́ náà kàn?

Gílóòbù tó jó, kọ́kọ́rọ́ tó sọnù, ẹ̀rọ omi inú ilé ìdáná tí rọ́bà rẹ̀ ti jẹ: tiwa nìyẹn. Òfin ní kí ayálégbé tọ́jú inú ibi tó ń gbé, yàtọ̀ sí ohun tó gbó nítorí pé ó ti pẹ́. Onílé ló ni àtúnṣe ìta ilé àti ibi tí gbogbo ará ilé jọ ń lò: òrùlé, àtẹ̀gùn, gọ́tà, sọ́kàwéè, tánkì òkè. Òfin kan náà ní kò gbọdọ̀ gé ohun tí gbogbo ilé jọ ń lò kúrò. Onílé tó bá ti bọ́hóòlù pa nítorí pé ẹnì kan jẹ ẹ́ lówó ti ṣẹ̀ sófin.

Gbólóhùn kan wà nínú òfin yìí tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀: ayálégbé *gbọ́dọ̀* tètè sọ fún onílé bí nǹkan ńlá bá bàjẹ́ lára ilé. Ẹ ò wá ìjà nígbà tí ẹ bá kọ̀wé. Iṣẹ́ yín lẹ ń ṣe.

3. Fọ́tò àti ìwé kékeré

Ẹ ya gbogbo yàrá lákọ̀ọ́kọ́, kẹ́ ẹ tó sún mọ́ ibi tó bàjẹ́. Fọ́tò tó sún mọ́ jù lè jẹ́ ti ilé ẹnikẹ́ni. Ẹ ya fídíò bí omi náà ṣe ń kán. Ẹ ra ìwé àádọ́ta ojú ewé, kí ẹ máa kọ ọjọ́ tẹ́ ẹ pè, ẹni tẹ́ ẹ bá sọ̀rọ̀, àti èsì tó fún yín. Nígbà tí mo ka tèmi, "ọ̀la" mọ́kànlá ló wà nínú rẹ̀.

4. Ẹ bá àwọn ará ilé sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ẹ mọ ẹni tí ẹ ń bá sọ ọ́

Kò sí ilé tí kò ní ẹni tó jẹ́ etí onílé. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ látorí gúrúùpù WhatsApp. Ilẹ̀ ò ní mọ́ tí wọ́n á ti fi ohun tí ẹ kọ han onílé. Ẹ kan ilẹ̀kùn ẹni méjì tàbí mẹ́ta tí ọ̀rọ̀ náà kàn gan-an. Bí ìyàwó ilé kan bá wà tó ti pẹ́ níbẹ̀, tí onílé máa ń dá lóhùn, òun ni kó kọ́kọ́ fọwọ́ sí lẹ́tà.

5. Lẹ́tà náà

Ìwà ọmọlúàbí ò lè kúrò nínú rẹ̀. Onílé tí ẹ bú kò ní ka ìlà kejì. Báyìí ni tèmi ṣe lọ:

"Ẹ kú iṣẹ́, Alhájì, ẹ kú ìtọ́jú ilé. Èmi tí mò ń gbé fúláàtì kẹta ni mo kọ̀wé yìí. Láti ọjọ́ 4 oṣù kejì ọdún yìí ni omi ti ń jò láti àjà ilé ìdáná mi. Mo sọ fún kẹ́títákà ní ọjọ́ 5 oṣù kejì, ọjọ́ 19 oṣù kẹrin àti ọjọ́ 2 oṣù kẹsàn-án, púlọ́ńbà ò tíì dé. A ti dán an wò, tọ́ọ́lẹ́ẹ̀tì fúláàtì kẹfà ló ti ń wá. Omi náà ti dé ìdí wáyà gílóòbù, ó sì ti ń wọnú dẹ́kìn. Fọ́tò mẹ́rin wà pẹ̀lú ìwé yìí. Ẹ jọ̀wọ́ sà, ẹ bá wa tún un ṣe kó tó di ọjọ́ 20 oṣù kọkànlá. Mo máa wà nílé ní gbogbo ọjọ́ Sátidé fún ẹni tó bá fẹ́ wá wò ó. Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ pẹ́ fún wa."

Ẹ kíyè sí i pé mi ò mẹ́nu ba ọbẹ̀ ẹ̀gúsí. Onílé ò bẹ̀rù ọbẹ̀ mi. Dẹ́kìn, ìyẹn kọnkéré àjà, tí irin inú rẹ̀ ń dípẹtà ló ń lé oorun lójú rẹ̀.

Ẹ̀dà méjì ni kí ẹ tẹ̀. Kí ẹni tó gba ọ̀kan fọwọ́ sí èkejì, kó kọ déètì. Bó bá kọ̀, ẹ ya fọ́tò lẹ́tà náà ránṣẹ́ sí i lórí fóònù. Bí onílé bá wà ní London tàbí Houston, tó jẹ́ pé éjẹ́ǹtì ló ń bá a gbowó, ẹ fi ránṣẹ́ sí àwọn méjèèjì. Nígbà míì, onílé ti fi owó àtúnṣe ránṣẹ́ tipẹ́, ọ̀nà ni owó náà sùn sí.

6. Ẹ béèrè ìṣirò owó sáfíìsì ṣáájì

Tí ẹ bá ń san owó yìí, ìyẹn owó ìtọ́jú ohun tí gbogbo ilé jọ ń lò, ó yẹ kí ẹ gba rìsíìtì rẹ̀ lọ́tọ̀, yàtọ̀ sí ti owó ilé. Ó kéré tán, lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́fà, ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti gba àkọsílẹ̀ bí wọ́n ṣe ná an. Ẹ béèrè rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, nínú ìwé. Ní ilé wa, wọ́n kọ owó dísù jẹnẹrétọ̀ fún oṣù méjì tí jẹnẹrétọ̀ fi wà lọ́wọ́ mẹkáníìkì. Ìbéèrè kan péré la bi wọ́n lórí ìyẹn, wọ́n sì dá owó náà padà.

7. Ohun tí ẹ ò gbọdọ̀ ṣe

Ẹ má di owó ilé mú. Mo mọ bó ṣe ń dunni, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ẹ bá jẹ gbèsè ni ẹjọ́ di tiyín. Ẹ má sì tún un ṣe fúnra yín pé ẹ ó yọ ọ́ lára owó ilé, àfi tí onílé bá ti kọ ọ́ sínú ìwé pé òun gbà.

8. Bí wọn ò bá dáhùn

Citizens' Mediation Centre ti Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó máa ń parí irú ọ̀rọ̀ báyìí lọ́fẹ̀ẹ́, láìsí kóòtù. Wọ́n á pe onílé, ẹ̀yin méjèèjì á jókòó, wọ́n á kọ àdéhùn sílẹ̀. Ẹ gbé ìwé kékeré yẹn àti ẹ̀dà lẹ́tà dání.

Ṣùgbọ́n bí òpó bá ti ń là, tí ilẹ̀kùn ò padé mọ́ nítorí pé ilé ti ń tẹ̀, ẹ má dúró de ìlàjà. LASBCA, àjọ tó ń bójú tó ilé kíkọ́ l'Ékòó, ni kí ẹ pè lọ́jọ́ náà, kí ẹ sì wá ibòmíràn sùn.

Ẹ̀rù lílé jáde ni kì í jẹ́ kí ọ̀pọ̀ kọ lẹ́tà. Bí ìwé àdéhùn yín ò bá sọ nǹkan míì, ẹni tó ń san owó ilé lọ́dọọdún, ìkìlọ̀ oṣù mẹ́fà ló tọ́ sí i, kóòtù nìkan ló sì lè lé e lẹ́yìn náà. Onílé tó bá kó ẹrù yín síta tàbí tó ṣí òrùlé lé yín lórí lè san owó ìtanràn tó tó ₦250,000, tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n tó tó oṣù mẹ́fà.

9. Kí púlọ́ńbà tó lọ

Ẹ má fọwọ́ sí i pé iṣẹ́ ti parí lójú ẹsẹ̀. Ẹ ní kí ará òkè wẹ̀, kó ṣan tọ́ọ́lẹ́ẹ̀tì, kí ẹ tún da búlúù sí i, kí ẹ sì sùn lé e di ọjọ́ kejì. Ẹ̀ẹ̀mejì ni púlọ́ńbà tèmi padà wá.